Jíìpù DJ-5: bí ẹ ṣe lè ra mótò àlòkù ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, kí ẹ tún un ṣe, kó sì pẹ́ lọ́wọ́ yín

Jíìpù funfun kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn dípò kó ṣí síta. DJ-5 ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Kaiser Jeep ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1965. AMC (American Motors), ilé iṣẹ́ mótò mìíràn, ra Kaiser Jeep ní 1970, ó dá AM General sílẹ̀ ní 1971, South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana sì ni AM General ti ń ṣe é fún ilé ìfìwéránṣẹ́. Òun ló ń gbé lẹ́tà kiri àdúgbò títí mótò ìfìwéránṣẹ́ mìíràn, Grumman LLV, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀ ní 1987. LLV kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú. DJ-5 ní tirẹ̀, wọ́n tà á fún ẹni tó bá lówó rẹ̀ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ṣì rí i lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn.

Mo fẹ́ràn mótò yìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá rà á jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó mú súpánà: iṣẹ́ tó ṣe ni yóò júwe ibi tó ti gbó fún yín. Apínlẹ́tà á rìn díẹ̀, á dúró, á na ọwọ́ sínú àpótí lẹ́tà, á tún gbéra, láàárọ̀ títí dọ̀sán, lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà bíréèkì, sítátà, àpótí gíà, ilẹ̀kùn ọ̀tún àti táyà ọ̀tún máa ń gbó ṣáájú ẹ́ńjìnì. Iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún yín. Ibi tí mótò rìn dé ló ń kà, kò ka wákàtí tí ẹ́ńjìnì fi ń ṣiṣẹ́ lójú kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ́ńjìnì tó wà nínú rẹ̀

Lẹ́tà tó tẹ̀lé DJ-5 ló ń sọ irú ẹ́ńjìnì tí wọ́n gbé sí i. DJ-5A ti ìparí àwọn ọdún 1960 ń lo ẹ́ńjìnì Chevrolet onísílíńdà mẹ́rin. DJ-5B, C, D àti F, tí wọ́n kún àwọn ọdún 1970, ń lo ẹ́ńjìnì AMC onísílíńdà mẹ́fà: èyí tí wọ́n ń pè ní 232, tó jẹ́ lítà 3.8, ló wọ́pọ̀. Òmíràn ní 258, tó jẹ́ lítà 4.2. DJ-5E dá yàtọ̀, bátìrì ló ń lò dípò bẹntiróòlù. DJ-5G ti 1979 gba ẹ́ńjìnì Audi lítà 2.0. DJ-5L tó dé lẹ́yìn náà gba ẹ́ńjìnì Pontiac lítà 2.5 tí wọ́n ń pè ní Iron Duke.

Bí ẹ bá bi mí, AMC onísílíńdà mẹ́fà ni kí ẹ wá. Irin dídà tó nípọn ni, ó rọrùn láti tú, súpéèpáàtì rẹ̀ kò sì wọ́n, torí pé 258 yẹn kan náà wà nínú Jeep CJ àti Wrangler títí di 1990. Iron Duke ló tẹ̀ lé e: LLV pàápàá lò ó, ọ̀pọ̀ mótò General Motors náà sì lò ó. Ti Audi yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń darí fáàfù rẹ̀, ẹ ó sì wá súpéèpáàtì rẹ̀ títí.

Àwọn mótò wọ̀nyí ti la ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, àwọn kan nínú wọn sì ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ka púlọ́ọ̀gì fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára irin ìdánimọ̀ mótò wé èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tàbí tí ẹni tó ń tà á ń sọ pé ìwé ń bọ̀ lọ́nà, ẹ má sanwó. Gbígba ìwé tuntun fún mótò tí kò níwèé yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ó sì lè gba yín ní àsìkò ju títún mótò náà ṣe lọ.

Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré àti sukurudíráfà dání. Ẹ máa fi òòlù kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún kaan. Irin tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún pù, sukurudíráfà á sì wọ inú rẹ̀. Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí wọ́n ti so sípíríǹgì mọ́ ṣáásì lẹ́yìn, torí pé omi àti ẹrẹ̀ máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ tún wo ilẹ̀ mótò lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ lápá ọ̀tún. Bàtà oníyìnyín apínlẹ́tà máa ń ro omi iyọ̀ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹ wo ojú irin tí ilẹ̀kùn ń gbà lọ gbà bọ̀, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú.

Ibi tí mótò ti ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì. Michigan, Ohio àti New York máa ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ irin. Mótò tó wá láti Arizona tàbí New Mexico máa ń ní ara líle, àmọ́ oòrùn á ti sán gbogbo rọ́bà rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti mú ọ̀kan, ẹ mú ti aṣálẹ̀. Rọ́bà ṣeé rà lọ́jọ́ kan. Ṣáásì tó ti jẹrà nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ jíjó irin gidi, owó rẹ̀ sì lè ju iye tí ẹ ra mótò lọ. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi páànù tín-ín-rín bo ṣáásì, ẹ gbà pé ihò wà lábẹ́ rẹ̀.

Bíréèkì ló ṣáájú ẹ́ńjìnì

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mótò délé. Ẹ ní sùúrù. Mótò tí kò tíì ṣí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Èyí tó ṣí tí kò lè dúró ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ gbé e sí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, ẹ fi igi dí àwọn táyà tí ẹ kò gbé sókè, ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ wá fi irin ẹlẹ́sẹ̀ gbé e dúró kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ tú táyà, ẹ fa dúrọ́ọ̀mù yọ. Bí kò bá jáde, ṣúù, èyí tó ń di dúrọ́ọ̀mù mú tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ti fẹ̀ mọ́ ọn nínú ni. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn páànù tó gbé ṣúù dúró, ibẹ̀ ni ẹ ó gbà dín in kù.

Ẹ ṣọ́ra fún eruku tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ṣúù ayé ìgbà yẹn sábà máa ń ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Ẹ wọ ìbòmú, ẹ fi omi wọ́n ọn kó rin, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Apá kan ni kí ẹ máa tú lẹ́ẹ̀kan, kí apá kejì lè jẹ́ àwòrán tí ẹ ń wò nígbà tí ẹ bá ń dá àwọn sípíríǹgì padà. Nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, sílíńdà kékeré kan ló ń ti ṣúù. Ẹ ká rọ́bà etí rẹ̀ díẹ̀: bí ó bá tutù nínú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ sì pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ ní. Ìwọ̀n tí dúrọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kọjá wà lára irin rẹ̀. Bí ó bá ti fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàǹtí ni. Ẹ tẹ̀ lé páìpù irin bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ yẹ ìpẹtà wò. Páìpù rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń wú nínú láìhàn lóde, ohun tó sì máa ń fà ni pé ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, táyà á ṣì di mú. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ rà ní tuntun.

Omi bíréèkì DOT 3 ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì, torí pé ó ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì kankan sí i láéláé, yóò wú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà. Ẹ rántí pé lápá ọ̀tún ni pẹ́dàlì wà, nítorí náà ẹ fojú yín wo ibi tí másítà sílíńdà wà, ẹ má kàn ṣe é bí ẹ ti máa ń ṣe mótò yòókù. Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ háńdíbíréèkì wò lórí òkè díẹ̀. Apínlẹ́tà kì í sọ̀ kalẹ̀ láìfà á, wáyà rẹ̀ sì ti lè nà tàbí kó ti já díẹ̀díẹ̀.

Jíjí ẹ́ńjìnì tó ti sùn pẹ́

Ẹ fa bẹntiróòlù àtijọ́ jáde kúrò nínú táǹkì pátápátá. Bẹntiróòlù tó ti kan á máa rùn bí ọ̀dà, ẹ má sì rò pé dída tuntun mọ́ ọn yóò tún un ṣe. Bẹntiróòlù Amẹ́ríkà òde òní sábà máa ń ní ẹ́tánọ́ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ń jẹ rọ́bà ìgbà yẹn. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà sí èyí tí wọ́n kọ SAE 30R7 tàbí 30R9 sí lára, ẹ fi fílítà tuntun sí i, kí ẹ sì tú kábúrétọ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi rọ́bà tuntun tò ó padà. Kí ohun èlò ìpaná wà nítòsí láti ìgbà yìí lọ, kó má sì kúrò nínú mótò mọ́.

Fún AMC onísílíńdà mẹ́fà, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó wọlé di ọjọ́ kejì. Ẹ fi súpánà gígùn yí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ láti iwájú. Bí ó bá yí geere, ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i: kúọ́ọ̀tì 5 pẹ̀lú fílítà. Ẹ wá ọ́ìlì tí wọ́n kọ sí lára pé ó ní síńkì tó pọ̀, torí pé irú ẹ́ńjìnì ayé ìgbà yẹn nílò rẹ̀ kí kámúṣáfítì má bàa jẹ. Ẹ fi sítátà yí i láìsí púlọ́ọ̀gì títí gééjì ọ́ìlì tàbí iná rẹ̀ yóò fi fi hàn pé ọ́ìlì ti gòkè. Ẹ wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tó ga ṣe kókó, àmọ́ kí wọ́n sún mọ́ ara wọn ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan bá fi ju 30 psi lọ sẹ́yìn àwọn yòókù, ẹ ní láti mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ná owó mìíràn.

Títí di 1974, kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà ló wà nínú dìsírúbútọ̀ rẹ̀. Àlàfo kọ́ńtáàtì jẹ́ íǹṣì 0.016, ti púlọ́ọ̀gì jẹ́ 0.035. Láti 1975 ni AMC ti yí padà sí èyí tí kò lo kọ́ńtáàtì. Bí wáyà púlọ́ọ̀gì bá ti dàrú, 1-5-3-6-2-4 ni bí iná ṣe ń tẹ̀ léra. Ìwọ̀n táímínìgì yàtọ̀ láti ọdún kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ kà á lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ra ìwé àtúnṣe ti ọdún mótò yín gan-an. Owó tó dára jù tí ẹ ó ná nìyẹn.

Ìdúró lójú kan ló ń pa rédíétọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí i bó ti yẹ nígbà tí mótò ń rá bàbà láti ilé dé ilé. Ẹ fọ ọ̀nà omi rẹ̀, ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì dúró jẹ́ẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbà pé kò ní gbóná jù.

Sítátà àti àpótí gíà

Bí sítátà bá ń pariwo gárá-gárá nígbà mìíràn, tí nígbà mìíràn kò sì ṣe nǹkan kan, ẹ má kàn ra sítátà tuntun. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà sábà máa ń dúró sí ibi mẹ́ta péré nígbà tí ẹ bá pa á, èyí túmọ̀ sí pé eyín ibi mẹ́ta yẹn lára fíláíwíìlì ló ń jẹ gbogbo ìyà. Ẹ yí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́, kí ẹ máa wo eyín náà bó ti ń kọjá. Bí wọ́n bá ti ré, fíláíwíìlì lẹ ó pààrọ̀.

Àpótí gíà DJ-5 tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lò máa ń yí gíà fúnra rẹ̀. Àwọn tó pẹ́ díẹ̀ ń lo Borg-Warner, àwọn tó tẹ̀ lé e ń lo TorqueFlite ti Chrysler. Ẹ mọ èyí tó wà nínú tiyín, torí pé bí ẹ ṣe ń wo omi gíà yàtọ̀: ti TorqueFlite, ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́, yóò ti gbóná, ọ̀pá gíà á sì wà ní N, ibi tí kò ti sí gíà kankan. Kí omi náà pupa, kó má rùn. Bí ó bá dúdú tó sì ń rùn bí nǹkan tó jóná, bàǹdì inú rẹ̀ ti ń jó.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ TorqueFlite. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yọ ọ́ nígbà tó bá pààrọ̀ kábúrétọ̀, yóò sì ju ú nù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wa mótò náà láìsí i. Òun ló ń sọ fún àpótí gíà bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe wúwo tó, kó lè mọ iye ìfúnpọ̀ tí yóò fi di gíà mú. Láìsí i, gíà á máa yọ̀, àpótí gíà tó lè lo ọdún púpọ̀ á sì jóná láìpẹ́.

Sítíárì, táyà, ilẹ̀kùn

Táyà ọ̀tún iwájú ti fi ara gbá etí títì àìmọye ìgbà. Ẹ gbé iwájú sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Ẹ tún dì í mú lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ mì í. Bí ó bá ń mì, kí ẹnì kan wò abẹ́ nígbà tí ẹ ń mì í kó lè rí oríkèé tó ti gbó. Ẹ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fún gíríìsì sí, ẹ nù ún mọ́, ẹ fún un títí gíríìsì àtijọ́ fi jáde. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí kóòdù DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ti ọdún 2019. Táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Kí ẹ tó ra wíìlì mìíràn, ẹ wọn àlàfo àárín bóòtì rẹ̀. Wíìlì gbogbo jíìpù kọ́ ló wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn tó ń fà kò fẹ́ gíríìsì, yanrìn ló máa ń kó sínú rẹ̀. Ẹ gbá ojú irin rẹ̀ mọ́, kí ẹ fọ́n sílíkóònù gbígbẹ sí i. Ẹ pààrọ̀ róòlà rẹ̀ bó bá ti gbó. Ẹ má sì wa mótò pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí láìsí bẹ́líìtì lára yín.

Èéfín sáilẹ́ńsà ni ewu tí ojú kò rí. Rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti sán, àti ihò kéékèèké ilẹ̀ mótò, lè jẹ́ kó wọlé wá bá yín. Ẹ dí gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bó bá mọ èéfín náà sínú mótò. Ìjókòó kan ṣoṣo ni apínlẹ́tà ní, pẹpẹ lẹ́tà ló wà lápá òsì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé èèyàn, kí alájòópọ̀ irin fi irin tó nípọn kún ilẹ̀ mótò lábẹ́, kó de ìjókòó àti bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ẹ má ṣe gbé ọmọ jókòó sórí pẹpẹ yẹn.

Ìwé, àmì àti ojú títì

Ẹ yọ idì ilé ìfìwéránṣẹ́ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiwọn kúrò lára rẹ̀. Àmì-òwò wọn ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé lẹ́tà ló gbé yín dé ẹnu ọ̀nà òun. Fún ìbánigbófò, ẹ béèrè irú tó wà fún mótò àtijọ́, èyí tí ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà yóò ti jọ fẹnu kò lórí iye owó mótò ṣáájú.

Ó kúrú, ó ga, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnì sì ń yí. Àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn kò ju íǹṣì 81 lọ. Nítorí náà atẹ́gùn máa ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó sì ń yọ̀ lórí yìnyín, bó tilẹ̀ jẹ́ jíìpù. Máìlì 55 ní wákàtí kan ni mo máa fi mọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà sí òsì tàbí kọjá mótò mìíràn, ẹ ò ní rí iwájú dáadáa láti apá ọ̀tún tí ẹ jókòó sí, torí náà ẹ fi àyè gbígbòòrò sílẹ̀ níwájú, kí ẹ sì ní dígí tó dára lápá òsì. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá ń fà sí fífi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, kó jáwọ́: láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún títì níbẹ̀, sítíárì ọwọ́ ọ̀tún kò sì bá a mu.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, sítíárì yẹn lè mówó wọlé. Ọ̀pọ̀ apínlẹ́tà ìgbèríko ló ń fi mótò ara wọn ṣiṣẹ́, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ń san owó ìtọ́jú mótò fún wọn, mótò ọlọ́wọ́ ọ̀tún sì ṣòro láti rí. Kí ẹ tó gbé e padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ bi ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ọ̀nà yín wà lábẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lára mótò.

Ìtọ́jú láàárín ọdún

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní máìlì 3,000 tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ fún un ní gíríìsì nígbà kan náà, ẹ wo omi gíà, ẹ wo epo inú ásúù ẹ̀yìn, kí ẹ sì tú dúrọ́ọ̀mù kan wò. Tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo wáyà tó so mọ́ ara mótò, ẹ họ ìpẹtà kúrò, ẹ dè é padà, kí ẹ tó pe rẹwáyà. Tí mótò yóò bá dúró nígbà òtútù, ẹ kún táǹkì, ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kí bẹntiróòlù kan sí i, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè dé inú kábúrétọ̀, ẹ tú orí bátìrì, kí ẹ fi igi dí táyà dípò kí ẹ fa háńdíbíréèkì, torí pé ṣúù lè lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù kí yìnyín tó yọ́.